Kẹ́ẹ̀gì Epo Tó Mú Ọmọ Mi Kúnlẹ̀

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí lọ́sẹ̀ tó kọjá fún yín. Inú ń bí mi láti ọjọ́ náà, bí mi ò bá sì sọ ọ́ síta, oúnjẹ ò ní gba ọ̀nà ọ̀fun mi lọ.

Ẹ mọ̀ pé epo pupa ni mò ń ṣe. Ẹbu wa, níbi tí a ti ń se ẹyìn tí a sì ń gún un, wà lọ́nà Daagbé, kò jìnnà sí Ifangni. Ó lé lógún ọdún tí mo ti ń ru omi lọ sí ẹbu, tí mo sì ń ru epo bọ̀ nílé. Ẹ fi aṣọ dì mí lójú, kí ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì omi rù mí, kí ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí ẹ tún gbé kẹ́ẹ̀gì epo rù mí. Màá sọ èwo ni èwo fún yín. Omi wúwo ju epo lọ. Ṣé nǹkan tí à ń jà lé lórí nìyẹn? Bí a bá da omi sí ẹyìn tí a ti gún, ṣebí epo ló ń léfòó sókè tí a fi ń rí i kó?

Àṣàkẹ́ ni àkọ́bí mi. Ó wà ní troisième, ọdún kẹrin ní girama, ní CEG kan níhìn-ín, BEPC, ìdánwò àṣejáde wọn, ló sì fẹ́ ṣe lọ́dún yìí. Láti kékeré ló ti ń bá mi ru omi. Ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni, ṣùgbọ́n bí ó bá sọ ọ̀kan, ó ti rò ó dáadáa kó tó sọ ọ́.

Lọ́jọ́ Ajé, ó ti dé láti ilé ìwé kí oòrùn tó kan àtàrí. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní Monsieur PCT ló lé òun jáde. PCT yìí ni ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ wọn nípa bí nǹkan ṣe ń wúwo, bí ó ṣe ń gbóná, bí iná mànàmáná ṣe ń ṣiṣẹ́. Mo ní kí lo fi ṣe é? Ó na ìwé rẹ̀ sí mi. Òdo wà lórí rẹ̀, òdo pupa gbàgàdà.

Ìbéèrè tí wọ́n bi wọ́n nìyí o. Kẹ́ẹ̀gì kan gba lítà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, epo pupa kún inú rẹ̀, kílò mélòó ni epo náà? Olùkọ́ fẹ́ kí wọ́n kọ kílò mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, torí ó ti kọ́ wọn pé lítà kan, kílò kan ni. Ọmọ mi kọ ọ́ pé kò lè tó bẹ́ẹ̀. Ó ní lítà kan kílò kan, ti omi nìyẹn. Epo fúyẹ́ ju omi, òun ló jẹ́ kó máa léfòó lórí rẹ̀.

Wọ́n fún un ní òdo. Nígbà tó dìde pé Monsieur, epo kì í ṣe omi, kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, olùkọ́ sì rò pé òun ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín. Ó ní kó jáde. Kò gbọdọ̀ padà wá àfi bí òbí rẹ̀ bá tẹ̀ lé e, tí ọmọ fúnra rẹ̀ sì kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì níwájú gbogbo kíláàsì. Bẹ́ẹ̀, ọjọ́ Ẹtì ni composition, ìdánwò PCT. Bí wọn ò bá gbà á wọlé kó tó di ọjọ́ náà, òdo mìíràn ló ń dúró dè é, irú òdo tí kì í jẹ́ kí èèyàn rí BEPC gbà.

Mo pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù, iṣẹ́ zém, ọ̀kadà akérò, ló ń ṣe ní Porto-Novo. Ó ní kí ọmọ kúnlẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tán, pé ṣé kíkúnlẹ̀ ń gé èèyàn lẹ́sẹ̀ ni. Mo pa fóònù mọ́ ọn létí. Ọmọ mi sọ òótọ́, kó wá kúnlẹ̀ fún irọ́? Ta ló bí mi tí màá fi gbà bẹ́ẹ̀?

Bí ilẹ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ṣe mọ́, mo fi omi kún kẹ́ẹ̀gì kan, mo tún fa kẹ́ẹ̀gì epo kan yọ láàárín àwọn tí mo ti rọ sílẹ̀. Mo ní kí zém gbé èmi àtẹrù lọ. Iwájú ilé ìwé wọn, bàbá kan wà níbẹ̀ tó ń ra àgbàdo, ó ní ìwọ̀n ńlá tí wọ́n ń gbé àpò lé. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó yá mi lò. Ó béèrè ohun tí mo fẹ́ fi ṣe, mo ní ẹjọ́ ni mo fẹ́ fi rò.

Nígbà ìsinmi, mo ní kí wọ́n bá mi pe Monsieur. Ẹ wò ó, mo rò pé àgbàlagbà ni màá rí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan báyìí ni, ó lọ ṣòkòtò rẹ̀ débi pé ó lè gé ìka. Mo kí i dáadáa, mi ò kọ́ ọmọ mi ní ìwàkiwà. Mo ní Monsieur, ẹ kú iṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ìwọ̀n rèé, omi rèé, epo rèé. Ẹ jẹ́ ká wò ó.

Àwọn ọmọ ilé ìwé ti pé lé wa lórí. Bàbá alágbàdo gbé kẹ́ẹ̀gì omi lé ìwọ̀n, ó ní kílò mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, àti kẹ́ẹ̀gì àtomi. Ó gbé e kúrò, ó gbé kẹ́ẹ̀gì epo lé e. Ó wò ó, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tún wò ó. Ó ní mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n.

Epo wúwo ju omi! Ẹ̀yin èèyàn mi, ilẹ̀ ò lanu. Bó bá lanu ni, ǹ bá wọ inú rẹ̀ lọ.

Ariwo ẹ̀rín tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, wọ́n á gbọ́ ọ dé Lagbé. Olùkọ́ ò tilẹ̀ pariwo, ó rọra rẹ́rìn-ín ni. Ó ní, “Voilà, maman. Ẹ ti rí i. La physique kì í ṣe nǹkan ẹbu.”

Kì í ṣe nǹkan ẹbu! Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára bí ẹ̀gún ẹyìn. Ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ sọ? Ìwọ̀n ti sọ̀rọ̀. Ojú tì mí, mo yíjú sí Àṣàkẹ́, mo ní kó kúnlẹ̀.

Ọmọ náà wò mí. Ó ní, “Màmi, epo ò wúwo ju omi.”

Mo ní, “Mo ní kí o kúnlẹ̀.”

Ó kúnlẹ̀ sínú iyanrìn níwájú gbogbo wọn. Èmi ni mo bá a tọrọ àforíjì, èmi tí mo pa fóònù mọ́ bàbá rẹ̀ létí lánàá. Olùkọ́ ní ó dáa, kó padà sí kíláàsì lọ́la.

A délé, kò jẹun. Mo ń ṣa ẹyìn lábẹ́ ìbòji, mo ń sọ̀rọ̀ sí ara mi, òun jókòó sílẹ̀, ó dojú kọ kẹ́ẹ̀gì méjèèjì. Ó pẹ́ tó ti ń wò wọ́n kó tó pè mí. Ó ní kí n wá wo ikùn wọn.

Mo wò ó. Kẹ́ẹ̀gì omi gún régé, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tẹ́jú. Ti epo yọkùn, igun rẹ̀ ti ká. Àṣàkẹ́ da epo inú rẹ̀ sínú agbada, ó ṣan kẹ́ẹ̀gì náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í da omi inú èkejì sí i. Omi tán pátápátá, kẹ́ẹ̀gì ò kún. Ó mú ìgò lítà kan, ó bu omi sí i. Ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Ó tún gba ààbọ̀ kó tó dé ẹnu.

Ṣé ó ti yé yín? Kẹ́ẹ̀gì yẹn kì í ṣe tèmi. Ti ọkùnrin tó máa ń wá ra epo lọ́wọ́ mi láti ìhà Nàìjíríà ni. Òun ló ń kó kẹ́ẹ̀gì òfìfo wá fún mi pé kí n máa rọ epo sí i dè é. Àwa aṣepo ti gbọ́ ọ rí pé àwọn kan máa ń da omi gbígbóná sínú kẹ́ẹ̀gì kó lè rọ̀, kó fẹ̀, kó gba ju iye tó yẹ lọ. A ti gbọ́ ọ. Àmọ́ ta ló máa rò pé oníbàárà tòun náà ń ṣe é? Ọkùnrin yìí, ìyá mi ló ń pè mí! Kì í wá láìmú búrẹ́dì dání. Ọdún mélòó ni mo ti ń fi lítà mẹ́ta ààbọ̀ kún un fún un lórí kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan, tí mo tún ń sọ fún un pé kó máa rọra lọ lọ́nà?

Ọmọ mi ní, “Màmi, epo tó pọ̀ la fi wé omi tí kò pọ̀ tó o. Inú kẹ́ẹ̀gì kan náà ló yẹ ká ti wọn méjèèjì.”

Ẹ gbọ́ nǹkan tí ọmọ troisième sọ. Èmi tí mo gbé ẹrù lọ síwájú ilé ìwé, mi ò rò ó. Olùkọ́ tí wọ́n gbà síṣẹ́ láti kọ́ wọn, kò rò ó. Ó rí nọ́ńbà lórí ìwọ̀n, ó rẹ́rìn-ín, ó parí.

Lọ́jọ́rú, a padà lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, Àṣàkẹ́ ló ṣètò rẹ̀. Ó mú kẹ́ẹ̀gì wa tí kò yọkùn, ó fi omi kún un, bàbá alágbàdo wọ̀n ọ́n: mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ó da omi náà nù, ó fi àkísà nu ẹnu rẹ̀, ó gbé e dojú dé kí ó gbẹ. Lẹ́yìn náà ó rọ epo tí a gbé dání sí i títí ó fi dé ibi tí omi dé. Bàbá alágbàdo ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún mọ́ ìwọ̀n. Ó kà á síta fúnra rẹ̀. Ó fi díẹ̀ dín ní mẹ́rìnlélógún.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa ń bá a. Olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ìwọ̀n. Ó wò ó dáadáa. Ó nà ró, ó nu ọwọ́, ó ní, “Bon. Ce n'est pas grave.”

Ó ní kò le! Nígbà tí ọmọ mi jẹ̀bi lójú rẹ̀, ó le tó kíkúnlẹ̀ nínú iyanrìn. Nígbà tó wá di pé òun ló jẹ̀bi, kò le mọ́. Mo lanu láti sọ̀rọ̀, bàbá alágbàdo ló gbà á lẹ́nu mi. Ó ní, “Prof, lánàá, ọmọ yìí kúnlẹ̀ níbi tí ẹ dúró sí yẹn.”

Ojú olùkọ́ yí padà. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní géographie gan-an lòun kà ní yunifásítì. Kò sí olùkọ́ PCT, ni wọ́n bá gbé e fún òun. Ohun tóun rí nínú ìwé olùkọ́ tó ṣáájú òun lòun ń sọ fún wọn. Ṣé kí àánú ṣe mí? Ó ṣe mí díẹ̀, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n inú mi ò rọ̀. Àìmọ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Kí èèyàn má mọ̀, kó wá fi kíkúnlẹ̀ pa ẹni tó mọ̀ lẹ́nu mọ́, ìyẹn ni mi ò gbà.

Ó ṣe ohun tó yẹ níkẹyìn, kí n sọ òótọ́. Ó wọ kíláàsì, ó ní òun ló ṣìnà, ó fa igi pa òdo náà, ó sì ní kí Àṣàkẹ́ wá ṣàlàyé rẹ̀ sójú pátákó. Ọmọ ṣàlàyé, ó padà lọ jókòó. Èmi wà lẹ́nu fèrèsé, mò ń wò ó.

Nígbà tó délé, mo sọ fún un pé kó má bínú sí mi. Kò dáhùn.

Lọ́jọ́bọ̀, ọkùnrin tó ń ra epo yẹn dé pẹ̀lú búrẹ́dì rẹ̀ àti kẹ́ẹ̀gì òfìfo. Mo ní ó káàbọ̀. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì tèmi síwájú rẹ̀, mo ní láti òní lọ, èyí la ó máa fi wọ̀n epo sínú tiẹ̀, ibi tó bá mọ ló mọ. Ó ní, “Háà, ìyá mi, ẹ ò fọkàn tán mi mọ́?”

Mo ní, “Ọmọ mi wà ní troisième.”

Ó wo Àṣàkẹ́, ó wo kẹ́ẹ̀gì, kò béèrè ohun tí mo ní lọ́kàn. Ó ń kùn lọ sí ìdí ọkọ̀ rẹ̀. Ìgbà tó lọ tán ni èmi àtọmọ jọ ń rọ epo tó kù, ìgbà yẹn ló wá dá mi lóhùn ọ̀rọ̀ ọjọ́rú. Kò gbójú sókè. Ó ní, “Màmi, Monsieur ò mọ̀. Ẹ̀yin mọ̀.”

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà, ọwọ́ ara mi ni mo sì fi tẹ orí ọmọ mi wọ́. Ó lé lógún ọdún tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà lórí mi, mo ń rù ú lójoojúmọ́, ìwọ̀n kan ṣoṣo ló sọ òdìkejì rẹ̀ tí mo fi jọ̀wọ́ ọmọ mi fún àwọn ẹlẹ́rìn-ín.

Ó ṣe composition rẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Èsì ò tíì jáde.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ nìyí, ẹ̀yin òbí. Bí ọmọ yín bá sọ ohun tí ẹ̀yin náà mọ̀ pé òótọ́ ni, tí nǹkan sì wá dà bíi pé ó jẹ̀bi, ẹ kọ́kọ́ yẹ kẹ́ẹ̀gì wò. Ẹ má tíì sọ pé kó kúnlẹ̀.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti kúnlẹ̀ rí fún ohun tó mọ̀ pé òun ò jẹ̀bi? Ta sì ni òbí tó ti mú ọmọ kúnlẹ̀ bíi tèmi? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Màá ka gbogbo rẹ̀, Àṣàkẹ́ náà yóò kà á.