Àkànní Ọkọ Mi, Tó Kọ̀ Láti Mọ̀ọ́mọ̀ Fìdí Rẹmi

Yéè, Àkànní! Ó wá dìgbà wo, ọkọ mi? Àwọn tó ń ṣètò ìwé ìsìnkú yìí ní ojú ìwé méjì ni àwọn fi sílẹ̀ fún ìyàwó olóògbé, pé kí n fara balẹ̀ kọ ọ́, kí n má fi ẹkún kọ ọ́. Mo ní kì í ṣe ẹkún ni kí wọ́n máa bẹ̀rù, ìbínú ni. Wọ́n rò pé àwàdà ni mò ń ṣe.

Àkànní, ọkọ Àbẹ̀kẹ́, bàbá Títílayọ̀. Ọmọlúàbí tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń purọ́. Ẹni tó máa dúró síwájú iná pupa nígbà tí kò sí ẹranko kan lójú títì, ká má tíì sọ mọ́tò. Ẹni tó ń jí lọ síbi iṣẹ́ ní Baytown láràárọ̀, láti Mission Bend, ọ̀nà tó jìn bí ìrìn-àjò, tí ọ̀gá rẹ̀ kò sì rí ọjọ́ kan tó pẹ́. Àkànní tí mo se ọbẹ̀ fún lójú àlejò mẹ́fà, tí gbogbo wọn ń yìn mí, tó sì ní, "Àbẹ̀kẹ́, iyọ̀ ti pọ̀ jù." Lójú àlejò o! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ́mìí mì lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe rí, òótọ́ kì í bọ́ sí kòtò lẹ́nu yín.

Gbogbo ẹni tó bá ti wọ ilé wa rí ní ọjọ́ Ìsinmi ló mọ̀ pé bọ́ọ̀lù ni orogún mi. Kì í ṣe bọ́ọ̀lù tiwa tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ gbá o. Ti àwọn Amẹ́ríkà yìí ni, èyí tó rí gbọọrọ bí ìbẹ́pẹ, tí àwọn ọkùnrin tó sanra bí ògiri ń gbé mọ́ àyà sá, tí wọ́n ń fi orí kan ara wọn. Bí a bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé báyìí, ẹ ti bọ́ agbádá, ẹ ti dá sínglẹ́ẹ̀tì nìkan sọ́rùn, ẹ ti jókòó. Bọ̀dá Ṣọlá á sì wọlé. Ẹ jọ wá kàwé sí Houston yìí ni, ẹ jọ gbé nínú apartment kan ní Gulfton, ẹ sì jọ ṣiṣẹ́ ní Baytown títí tí irun fi funfun lórí ẹ̀yin méjèèjì. Ẹgbẹ́ tí ẹ yàn láàyò ni ẹgbẹ́ ìlú tí à ń gbé. Àwọn yẹn kò sì mọ̀ ju kí wọ́n nà wọ́n lọ.

Ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ ìtàn yìí fún mi, ẹ sì máa ń rẹ́rìn-ín kẹ́ ẹ tó sọ ọ́ tán. Ní ọdún tẹ́ ẹ kọ́kọ́ dé, ẹ rí ẹgbẹ́ tó gbẹ̀yìn pátápátá, àánú wọn ṣe yín, ẹ ní, "Ó mà ṣe o, wọ́n ti já bọ́ sí ìpele kejì nìyẹn," bí wọ́n ṣe máa ń já bọ́ nílé. Àwọn ọmọ kíláàsì yín fi yín ṣẹ̀sín. Wọ́n ní ẹgbẹ́ kankan kì í já bọ́ níbí. Kàkà bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá gbẹ̀yìn ni wọ́n á kọ́kọ́ pè ní ọdún tó ń bọ̀, kó wá yan èyí tó dára jù nínú àwọn ọ̀dọ́ tó ń jáde ní yunifásítì. Draft ni wọ́n ń pè é. Ẹnu yín ò padé. Ẹ ní, "Nílé wa, àgbà ló ń kọ́kọ́ mú ẹran. Níbí, ẹni tí wọ́n bá nà jù ni."

Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀ láàárín ẹ̀yin àti Bọ̀dá Ṣọlá, ìjà tí kò parí fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún. Bí ẹgbẹ́ yín bá ti pàdánù ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tẹ̀léra, Bọ̀dá Ṣọlá á nà dìde: "Wọ́n ti ta máàṣì! Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ni! Wọ́n fẹ́ kọ́kọ́ mú ni!" Wọ́n á máa ka ẹ̀rí. Ògbóǹtagí tó ní orúnkún ń dun òun díẹ̀, tí wọ́n ní kó lọ jókòó. Kóòṣì tó ń rán ẹnì kan náà lọ kọlu ògiri ẹ̀ẹ̀mẹ́rin. Ẹ̀yin á kàn bi wọ́n ní ìbéèrè kan: "Ta ló rà á?"

Lọ́jọ́ kan ẹ wá là á yé wa, nítorí èmi náà ti ń gbè sẹ́yìn Bọ̀dá Ṣọlá, kí n lè rí yín mú. Ẹ ní, "Ọ̀gá tó jókòó sí ọ́fíìsì lókè lè fẹ́ kí wọ́n pàdánù. Ó lè kó àwọn tó mọṣẹ́ pa mọ́, kó kó àwọn tí ò tíì gbó sórí pápá. Ìyẹn, mi ò bá yín jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ń kàn láyà nínú pápá ńkọ́? Ẹni tó jẹ́ pé ọmọ tuntun tí wọ́n bá yàn ló máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Ṣé òun ló máa wá mọ̀ọ́mọ̀ ṣubú?" Bọ̀dá Ṣọlá kọjú sí mi. Wọ́n ní kí n bu omi wá.

Ẹ rántí máàṣì tó kẹ́yìn ọdún burúkú yẹn. Bí ẹgbẹ́ wa bá pàdánù, àwọn ló máa kọ́kọ́ mú nínú draft. Bọ̀dá Ṣọlá gbàdúrà, àdúrà gidi, pé kí Ọlọ́run jẹ́ ká pàdánù. Mo ní kí wọ́n má kó mi mọ́ irú àdúrà bẹ́ẹ̀ nínú ilé mi. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ọmọ kékeré kan tó jẹ́ pé òun ló ń fi ẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù fún wọn gbá a, ó la àárín òpó méjì kọjá, a sì borí. Bọ̀dá Ṣọlá ká ọwọ́ lérí bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún. Ẹ̀yin ń jó pẹ̀lú sínglẹ́ẹ̀tì, ikùn yín ń mì, ẹ ń pariwo pé, "Wọn ò tà á! Wọn ò tà á o!" Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi.

Ọdún yẹn náà ni ojú yín pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí omi ata ilẹ̀ pupa. Ẹ̀yin tí ẹ ò fi ọtí kan ẹnu rí! Wọ́n ní kòkòrò kan ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ yín láti kékeré, ó ti jẹ ẹ̀dọ̀ yín tán, àfi kí wọ́n fi ẹ̀dọ̀ ẹlòmíràn pààrọ̀ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àwọn aláboyún ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń pín ẹ̀dọ̀. Mo rò pé ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ni wọ́n á kọ́kọ́ dá lóhùn, bíi ti ìlà báńkì. Dọ́kítà ní rárá. Wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, wọ́n á fún yín ní nọ́ńbà. Ẹni tí tirẹ̀ bá burú jù lọ ló wà lókè.

Ẹ bú sẹ́rìn-ín. Nínú yàrá dọ́kítà! Ẹ ní, "Àbẹ̀kẹ́, draft ni!" Dọ́kítà ń wò wá, kò mọ ohun tó ń pa yín lẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Nítorí nọ́ńbà yín ò burú tó. Kò sí lókè, kò sí nísàlẹ̀. Oògùn tí wọ́n ní kẹ́ ẹ lò, ẹ lò ó. Oúnjẹ tí wọ́n ní kẹ́ ẹ má jẹ, ẹ ò fẹnu kàn án. Ẹ ń rìn yí àdúgbò ká láràárọ̀ pẹ̀lú ọ̀pá. Bí a bá lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, nọ́ńbà ò lọ sókè, dọ́kítà á yìn yín, á bọ̀ yín lọ́wọ́. Èmi á lọ jókòó sínú mọ́tò, màá máa sunkún. Ẹ̀ ń borí lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ẹ sì ń kú lọ.

Bọ̀dá Ṣọlá ló kọ́kọ́ sọ ọ́ síta, ní kíṣíìnì mi. Wọ́n ní, "Ìyàwó, ṣé ọkùnrin yìí ò lè pàdánù díẹ̀ ni?" Mo ní mo ti ń rò ó kí wọ́n tó dé.

Ẹ̀yin èèyàn tẹ́ ẹ wá sin ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èyí lẹ́nu mi. Nígbà tó ku ọ̀la tí a tún máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, mo purọ́ fún un. Mo ní wọ́n ti fóònù pé kò gbọdọ̀ fi omi kan ẹnu láti ìrọ̀lẹ́ títí wọ́n á fi gba ẹ̀jẹ̀. Nínú ooru Houston yìí! Mo mọ ohun tí àìmumi ń ṣe fún nọ́ńbà kíndìnrín, mo sì mọ̀ pé ti kíndìnrín wà nínú èyí tí wọ́n ń kà. Mo mọ̀ pé ó lè ṣe é léṣe. Mo fẹ́ kó ṣe é léṣe díẹ̀, kí wọ́n lè gbé e lọ sókè. Ètè rẹ̀ gbẹ bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mo fọwọ́ ara mi ti ìgò omi tó wà nínú mọ́tò sábẹ́ ìjókòó.

Àkànní, ilẹ̀ mọ́, a gbéra. A wọ ọsibítù. Ẹ̀rọ omi kan wà lára ògiri, kó tó kan ibi tí wọ́n ti ń gba ẹ̀jẹ̀. Ẹ dúró, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ mu omi. Ẹ mu ún pẹ́. Ẹ fi háńkíṣíìfù nu ẹnu, ẹ wá yíjú sí mi: "Àbẹ̀kẹ́, ẹnì kan wà lókè mi tí tirẹ̀ burú ju tèmi lọ lóòótọ́. Bí mo bá fi irọ́ kọjá rẹ̀, òun ni mo tà." Kò sí ìbínú nínú ohùn yín. Ká ní ẹ tiẹ̀ bínú ni.

Èmi ni mo bínú. Mo ní, "Ẹ kú òótọ́ o. Tẹ́ ẹ bá lọ, Títí á máa pe òótọ́ yín ní Daddy." Ọjọ́ méjì gbáko ni mi ò fi bá yín sọ̀rọ̀. Ọjọ́ méjì, nínú èyí tó ṣẹ́ kù fún wa. Ẹ ò sọ ohun tí mo ṣe fún Títí, ẹ ò sọ fún Bọ̀dá Ṣọlá, ẹ ò sọ fún pásítọ̀. Ẹ bò mí láṣìírí títí ẹ fi kú. Èmi ni mo ń tú u síta lónìí, nítorí ó sú mi kí wọ́n máa pè mí ní ìyàwó rere.

Lẹ́yìn náà ni nọ́ńbà yín dìde fúnra rẹ̀, láìsí ẹni tó tì í. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ikùn wú, ẹsẹ̀ wú, ẹ ò mọ Mọ́ńdè yàtọ̀ sí Sátidé mọ́. Ẹ wá di ẹni àkọ́kọ́. Àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi ni wọ́n pè wá pé ẹ̀dọ̀ ti wà. Títí wa mọ́tò lórí freeway bí ẹni tí ọlọ́pàá ń lé. A dé, wọ́n pààrọ̀ aṣọ fún yín, dọ́kítà gbọ́ àyà yín, ó jáde, ó tún wọlé pẹ̀lú dọ́kítà méjì mìíràn. Ó ní àìsàn mìíràn ti wọ inú ẹ̀dọ̀fóró yín, pé bí àwọn bá là yín, ẹ ò ní jí. Ẹ̀dọ̀ náà kò sì lè dúró. Wọ́n máa pe ẹni tó tẹ̀lé yín.

Títí bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, "But he's first! Mummy, ẹ sọ fún wọn, he's first!" Èmi dì mọ́ irin ibùsùn. Ìgbà náà lẹ lajú, ojú náà sì mọ́ kedere, bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹ ní, "Ẹni tó tẹ̀lé mi yẹn, ṣé kò jìnnà?" Nọ́ọ̀sì ní obìnrin kan ni, ó ti wà lójú ọ̀nà. Ẹ ní kí wọ́n sọ fún un kó rọra máa bọ̀.

Ọjọ́ kejì lẹ lọ.

Mo bi dọ́kítà. Mo ní bí ọkọ mi ò bá mu omi ọjọ́ yẹn, ṣé ì bá wà láàyè? Ó ní kò sí ẹni tó lè mọ̀. Mo bi Bọ̀dá Ṣọlá, ẹni tó ní èsì sí gbogbo nǹkan. Wọ́n bo ojú, wọ́n ń sunkún bí ọmọdé. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ní Ọlọ́run ló mọ̀. Ẹ ṣeun, mo gbọ́. Obìnrin kan wà ní ìlú yìí tó ń jẹun, tó ń sùn, tó ń jí. Mo kórìíra rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Lánàá mo gbàdúrà fún un, àdúrà kúkúrú, eyín mi sì wà ní pípadé.

Àkànní, láti ọjọ́ tí ẹ ti gbé mi níyàwó, "ẹ" ni mo ń pè yín. Ìyá mi ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Ẹ ní kí n má ṣe wàhálà, pé "o" tó, mo kọ̀. Lónìí inú ń bí mi jù, ìbínú kì í sì í jẹ́ kéèyàn rántí "ẹ". Ọkọ mi, olóòótọ́ mi, ẹni tí mi ò ní rí irú rẹ̀ mọ́, ìwọ lo jàre Bọ̀dá Ṣọlá, ìwọ lo jàre mi. Ṣùgbọ́n ká ní o ṣubú lẹ́ẹ̀kan péré, nítorí tèmi.

Sùn re o, Àkànní.

Àbẹ̀kẹ́, ìyàwó rẹ.