Ọgbọ̀n Fàdákà Inú Jeremáyà

Nínú gbogbo àwọn tó ń gé ìwé fún àwọn atẹ̀wé ní Ṣómólú, ọwọ́ Abíọ́lá Ògúnmọ́lá ló mọ́ jù. Àmọ́ kì í ṣe iṣẹ́ yẹn ló máa ń fi yangàn. Òun ni tíṣà kíláàsì àgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Bàrígà, kò sì sí ohun tó dùn mọ́ ọn bíi kó mú ọ̀rọ̀ wòlíì àtijọ́, kó mú ti Ìhìnrere, kó so wọ́n pọ̀. Míkà ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù ni olórí Ísírẹ́lì yóò ti jáde wá. Mátíù ní ibẹ̀ náà ni wọ́n bí Jésù sí. Sekaráyà ní ọba yóò gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wọ̀lú. Jésù gùn ún wọ Jerúsálẹ́mù. Ó kó gbogbo rẹ̀ sínú ìwé pẹlẹbẹ kan, wòlíì lápá òsì, Ìhìnrere lápá ọ̀tún, ó sì pín in fún ìjọ nítorí ìdíje Bíbélì ọdún yẹn.

Ibi ọgbọ̀n fàdákà tí wọ́n fi ta Jésù ló ti kọsẹ̀. Mátíù ní wòlíì Jeremáyà ló sọ ọ́. Abíọ́lá rántí pé Jeremáyà fi fàdákà ra ilẹ̀ ní orí kejìlélọ́gbọ̀n, ó bá kọ orí náà sílẹ̀. Kò ṣí i wò. Ọ̀mọ̀wé wa, kí ló tún fẹ́ wò?

Lọ́jọ́ ìdíje, ó kan Màmá Sabina, ìyá tó ń yan ẹja tà ní Ìlàjẹ. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún kó tó mọ̀wé kà ní kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ṣọ́ọ̀ṣì. Abíọ́lá bi í pé níbo ni àsọtẹ́lẹ̀ ọgbọ̀n fàdákà wà.

"Sekaráyà, orí kọkànlá."

"Ó tì o. Jeremáyà ni. Ẹ máa fara balẹ̀ kàwé, Màmá. Kì í ṣe ẹja lẹ ń yí lórí ààrò."

Ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Màmá rọra jókòó.

Lọ́jọ́ kejì, Abíọ́lá ṣí Sekaráyà. Ọgbọ̀n fàdákà wà níbẹ̀, amọ̀kòkò tí Mátíù ní wọ́n fi owó náà ra ilẹ̀ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ó ṣí Jeremáyà: ṣékélì mẹ́tàdínlógún péré. Ó rí àlàyé kan kà pé ó ṣeé ṣe kí Mátíù pa ọ̀rọ̀ wòlíì méjèèjì pọ̀, kó wá dárúkọ èyí tó gbajúmọ̀ jù. Ìyẹn lè yọ Mátíù, kò yọ Abíọ́lá.

Ojú tì í, àmọ́ kò sọ ọ́. Ó ń fi òní dónìí, ó ń fi ọ̀la dọ́la. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń rí Màmá tó ń fìka tọ ìlà inú Jeremáyà ṣáájú ìsìn. Á kí i, á bi í bí ọjà ṣe ń lọ, á sì yára kọjá. Ẹ̀rí ọkàn ń jẹ ẹ́ bí egbò.

Lọ́sẹ̀ kẹfà, Màmá dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì.

"Tíṣà, ẹ má bínú. Mo ti ka Jeremáyà tán lẹ́ẹ̀mejì, mi ò rí i. Ó jọ pé ìwé àgbàlagbà ò wọ̀ mí lórí. Mo ti gbé Bíbélì mi fún Hadassah ọmọ-ọmọ mi, kó máa kà á fún mi."

Ó ṣe Abíọ́lá bíi kí ilẹ̀ lanu kó gbé e mì.

"Màmá, ẹ̀yin lẹ jàre. Sekaráyà ni. Èmi ni mo ṣì í."

"Ìgbà wo lẹ mọ̀?"

Irọ́ kékeré kan ti dé ẹnu rẹ̀: àná. Ó gbé e mì. "Ọjọ́ kejì ìdíje ni."

"Ẹ sì ń bi mí bí ọjà ṣe ń lọ."

"Ẹ foríjì mí, Màmá. Mo bẹ̀ yín."

"Mo ti foríjì yín. Àmọ́ létí èmi nìkan kọ́ lẹ ti sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn."

Abíọ́lá bọ́ síwájú ìjọ. Ó sọ gbogbo rẹ̀, ó sì sọ ti ọ̀sẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ó wá ṣí Bíbélì tirẹ̀ sí Sekaráyà, ó fọwọ́ méjèèjì nà án sí Màmá Sabina pé kó kà á fún ìjọ.

Màmá ò gbà á. "Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kà á, Tíṣà. Èmi ti kà á."

Ó gba Bíbélì rẹ̀ padà lọ́wọ́ Hadassah tó jókòó tì í, ó ṣí i, ó sì ń fìka tẹ̀ lé Abíọ́lá lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan, kó má baà tún ṣì í.