Aṣọ Ìrọ̀lẹ́ Tí Wọ́n Wọ̀ Ta Ablò

Láàárọ̀ àná, ọmọ ọmọ mi ń lọ aṣọ níwájú ilé wa ní Sanguéra, létí Lomé. Wọ́n ti mú iná lọ, ló bá wá áyọ́ọ̀nù eléèédú mi àtijọ́ jáde, èyí tó máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí rẹ̀. Òórùn sítáàṣì tó kan irin gbígbóná wọlé wá bá mi lórí bẹ́ẹ̀dì, kí n sì tó lajú dáadáa, mo ti padà di ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ní ìsọ̀ aránṣọ ní Hanoukopé. Mo bi ọmọ náà pé aṣọ wo ló ń lọ̀. Ó ní ṣòkòtò jíìnì ni, òun á wọ̀ ọ́ lọ sí búrò, ìyẹn ọ́fíìsì òun, òun á sì ti búrò gba òde ìrọ̀lẹ́ lọ. Mo ní ṣé aṣọ kan náà ni? Ó ní, "Grand-mère, ta ló ń wò mí?" Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ara tù yín o.

Nígbà tiwa, gbogbo ayé ló ń wò ọ́. Àwọn òbí ìyá mi ló ti Ọ̀yọ́ wá tẹ̀dó sí Ablogamé, àpótí méjì ni ìyá mi sì ní. Àpótí pákó tó wà lẹ́nu ọ̀nà ni ti aṣọ iṣẹ́. Àpótí irin tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tó ń ta sánsán káfúrà, ni ti aṣọ ìrọ̀lẹ́. Aṣọ lè ti inú àpótí irin bọ́ sínú ti pákó bó bá ti ń ṣá, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ń ti inú ti pákó padà sínú ti irin. Bí o bá wọ aṣọ tuntun dáná lẹ́ẹ̀kan péré, ó ti di aṣọ iṣẹ́ nìyẹn, kò sí ọṣẹ tó lè gbà á sílẹ̀. Gbogbo àdúgbò ló mọ òfin yìí, wọ́n sì máa ń rántí ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ rí aṣọ rẹ ju bí ìwọ gan-an ṣe rántí lọ.

Obìnrin Kétu ni ọ̀gá tó kọ́ wa níṣẹ́, Màdáàmù la máa ń pè é. Ó ga, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì máa ń fi abẹ́rẹ́ sẹ́nu sọ̀rọ̀, a kò gbọ́ ọ rí pé ó gbé e mì. Láàárọ̀, aṣọ búlúù tí a fi ń ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ mọ́ tónítóní, kó bo orúnkún, kí apá rẹ̀ má sì gùn débi tí yóò máa kó sẹ́nu ẹ̀rọ. Bí ó bá mú wa dání lọ sí òde nírọ̀lẹ́, a kò gbọdọ̀ ní ohunkóhun lára tí yóò fi hàn pé a ti ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà, òwú kan ṣoṣo lára ìró tó láti gba ìkìlọ̀. Ó ní ẹni tí kò mọ ohun tó yẹ òun, báwo ni yóò ṣe rán èyí tó yẹ ẹlòmíràn?

Àwa méjì la jọ ń kọ́ṣẹ́, èmi àti Rìsíkátù. Abọ́ kan la fi ń jẹun. Bí mo bá rán apá aṣọ sódì, Rìsí á ti tú u kí Màdáàmù tó dé. Nígbà tó di ọdún kẹta, ọjọ́ ìdásílẹ̀ wa kù sí dẹ̀dẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní líbérásọ̀nù ní Lomé. Màdáàmù sọ pé ẹnì kan nínú wa lòun máa dá dúró sínú ìsọ̀, àti pé aṣọ tí kálukú bá rán fún ara rẹ̀ fún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà lòun máa fi yàn. Mo fẹ́ àyè yẹn gan-an. Ìyá mi kò lágbára láti ra ẹ̀rọ fún mi, bí n kò bá sì rí i, ẹrù rírù lọ́jà ló kù.

Rìsí ló mú àbá wá. Ó ní, "Jẹ́ ká ra aṣọ kan náà, kí aṣọ ẹnì kan má baà wọ́n ju ti èkejì lọ." Mo fẹ́ràn rẹ̀ sí i lọ́jọ́ náà. A jọ ra ańkárá yáàdì mẹ́fà, lékeléke funfun lórí ilẹ̀ aláró, a gé e sí méjì lórí tábìlì, a sì búra pé ẹnikẹ́ni kò ní fojú kàn án títí di ìrọ̀lẹ́ náà. Màdáàmù fún wa ní ọ̀sẹ̀ kan gbáko kí kálukú lọ rán tirẹ̀ nílé. Mo fọwọ́ rán ọrùn bùbá mi ní ẹ̀ẹ̀mẹta, mo ń tú u, mo ń tún un rán.

Nígbà tí oòrùn ń rọ̀ lọ́jọ́ náà, ìyá mi bá mi ró ìró, ó so káfúrà díẹ̀ mọ́ mi létí aṣọ, mo sì gba ọ̀nà Hanoukopé lọ. Àlejò ti kún àgbàlá ẹ̀yìn ìsọ̀. Mo ń wo ibi tí Rìsí máa gbà wọlé nígbà tí Dáfì dé. Obìnrin Mina ni, ẹni tó ń ta ablò, oúnjẹ àgbàdo tí wọ́n ń fi oru sè, àti ẹja díndín ní kọ́nà ìsọ̀ wa, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni gbogbo àlejò yẹn ti ń ra oúnjẹ àárọ̀. Màdáàmù ló ní kó gbé oúnjẹ wá. Agbọ̀n ablò wà lórí rẹ̀, ó ń gbóná, ańkárá ẹlẹ́yẹ lékeléke sì wà ní ìdí rẹ̀, tí epo ti ta sí, tí iná ti jó létí.

Inú rẹ̀ dùn nígbà tó rí mi. Ó ní, "Ọmọ mi, èmi pẹ̀lú ẹ, aṣọ kan! Rìsí fún mi, mo fún un ní lẹ́ẹ̀sì ìyá mi. Ó ní kí n máa wọ̀ ọ́ sídìí iná, pé èéfín kì í bà á jẹ́."

Ó ti wọ̀ ọ́ láti ọjọ́ Ajé. Gbogbo Hanoukopé ti rí i, nígbà tí èmi wà nílé tí mò ń rán tèmi.

Kò tíì pẹ́ tí Dáfì bẹ̀rẹ̀ sí í bu oúnjẹ tí bàbá àgbàlagbà kan wo aṣọ àwa méjèèjì, ó na abọ́ sí mi, ó ní kí n bá òun fi ata kún un. Ibẹ̀ ni mo ti ṣìṣe. Ọmọ tí wọ́n kọ́ ni mí. Àgbà kì í na abọ́ sí mi kí n máa wò ó. Mo kúnlẹ̀, mo gbà á, mo bu ata sí i. Ẹlòmíràn na tirẹ̀, mo tún gbà á. Nígbà tí Rìsí fi máa wọlé nínú lẹ́ẹ̀sì funfun, tí kò ní òwú kan lára, abọ́ mẹ́rin ló wà lọ́wọ́ mi. Kò wo ojú mi.

Màdáàmù wò mí láti òkè dé ilẹ̀. Ó yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu. "Mo ní kí o wọ aṣọ ìrọ̀lẹ́ wá. Aṣọ iṣẹ́ lo wọ̀, o sì ń ṣiṣẹ́." Rìsí ló mú. Bí mo bá sọ ohun tí Rìsí ṣe, yóò dà bí ìlara. Mo rìn padà sí Ablogamé, mo sì sunkún tó bẹ́ẹ̀ tí ìyá mi fi rò pé ẹnì kan ló kú.

Mo ru ẹrù lọ́jà fún ọdún mẹ́fà kí n tó ra ẹ̀rọ tèmi. Ọlọ́run ò fi mí sílẹ̀, mo rán aṣọ, mo tọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n n kò wọ aṣọ náà mọ́. Inú àpótí irin ló wà, pẹ̀lú káfúrà, mo sì mọ ẹni tí mo ń tọ́jú rẹ̀ dè. Dáfì ni mo ti dárí jì, ẹni tí kò ṣẹ̀ mí.

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n pè mí sí ìgbéyàwó nírọ̀lẹ́ ní Hanoukopé. Mo gbọ́ pé Rìsí ń bọ̀. Mo tú ẹ̀gbẹ́ bùbá náà kó lè gbà mí, mo sì ró ìró ẹlẹ́yẹ lékeléke lẹ́yìn ogójì ọdún ó lé. Àwọn ọmọ wà níbẹ̀ nínú jíìnì, inú ẹnikẹ́ni kò bàjẹ́ sí i, mo sì rí i pé òfin àpótí méjì ti kú. Ojú ló ṣì wà. Èèyàn ṣì ń wọṣọ nítorí ojú ẹnì kan.

Rìsí dìde wá kí mi, ó ti sanra, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó fi ìka méjì mú etí aṣọ mi, bí aránṣọ ṣe ń ṣe, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, aṣọ yìí mà dára o. Mi ò rí irú ẹ̀ rí. Níbo lo ti rí i?"

Mo wo ojú rẹ̀ dáadáa. Kò díbọ́n. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́, pé ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Mo ní, "Ọ̀rẹ́ mi kan ló bá mi pín in."

Ó ní ọ̀rẹ́ rere nìyẹn.

Nígbà tí mo délé, mo ká aṣọ náà, mo sì fi í sínú àpótí pákó. Òun ni mo máa ń wọ̀ dáná báyìí.