Bàbá Pẹ̀lẹ́ àti Tírélà Tó Kọ̀ Tí Kò Lọ

Lọ́jọ́ tí tírélà Ìyá Oníkatapílà sáré sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, Bàbá Pẹ̀lẹ́ ló wà lórí rẹ̀. Ó jókòó, ó kẹ̀yìn síbi tó ń lọ, abọ́ oúnjẹ sì wà lórí itan rẹ̀. Kò sí mọ́tò tó ń fà á, kò sí ẹni tó ń tì í. Tírélà tí bíréèkì rẹ̀ ti há pinpin látọdún mọ́dún, tí koríko ti hù yí ká, ló ṣàdédé rántí pé òun ní táyà.

Níwájú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, oníbàárà kan tí wọ́n ti fá ìdajì orí rẹ̀ bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bàbá Pẹ̀lẹ́ juwọ́ sí wọn bó ṣe ń kọjá, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Nígbà tí ọkùnrin náà fi máa padà wá fá ìdajì tó kù, irun ti hù sí ìdajì àkọ́kọ́.

Ọgbà páànù tó yí ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà ká ni tírélà kọ́kọ́ kàn. Ó gba àárín rẹ̀ kọjá, ó forí sọ òkìtì yanrìn oníbúlọ́ọ̀kù, ó wá dúró. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, wọ́n rí Bàbá Pẹ̀lẹ́ lórí yanrìn, ó ṣì di abọ́ rẹ̀ mú. Ó wo wẹ́dà, tí páànù bo gbogbo ara rẹ̀ àfi orí nìkan.

"Ó ti tú," ni Bàbá Pẹ̀lẹ́ wí. "Ta ni ọ̀gá?"

"Ìwọ ni ọ̀gá," ni wẹ́dà dá a lóhùn. "Àmọ́ kọ́kọ́ gbé ọgbà mi kúrò lórí mi ná."

Kí ọ̀rọ̀ tó débẹ̀, ó ti pẹ́ tí àwọn méjèèjì ti ń fà á. Mẹkáníìkì ni Bàbá Pẹ̀lẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré ni wẹ́dà, ṣọ́ọ̀bù wọn sì kọjú síra. Wẹ́dà gbà pé kò sí irin tí iná ò lè kọ́ lọ́gbọ́n. Bàbá ní tirẹ̀ gbà pé irin ń gbọ́ ọ̀rọ̀, ìwà àwa èèyàn ló ń bà á nínú jẹ́. Bí nọ́ọ̀tì bá há, á lóṣòó tì í, á ní, "Pẹ̀lẹ́, ọ̀rẹ́ mi. Ta ló ṣe ọ́ báyìí?" Ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Èyí tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, ìyá nìkan ló ń pè é.

Ọ̀rọ̀ náà kò dùn mọ́ ìyàwó rẹ̀. "Láti àárọ̀ lẹ ti ń pe nọ́ọ̀tì ní ọ̀rẹ́ mi," ló sọ fún un lọ́jọ́ kan. "Ìgbà wo lẹ pè mí bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn?"

Bàbá ronú sí i. "Ṣé ìwọ ti dógùn-ún ni?"

Ó rò pé òun yìn ín. Ìyàwó ti ìlẹ̀kùn yàrá mọ́ ọn síta. Àwọn ará ilé gbọ́ bí Bàbá ṣe ń kan ìlẹ̀kùn náà jẹ́jẹ́, tó ń sọ pé, "Pẹ̀lẹ́, ọ̀rẹ́ mi. Ta ló ṣe ọ́ báyìí?" Ohùn kan dáhùn láti inú yàrá pé, "Ẹ̀yin ni." Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ìlẹ̀kùn ṣí. Bàbá Pẹ̀lẹ́ fi ìyẹn ṣe ẹ̀rí káàkiri pé ọ̀nà òun kì í tàsé.

Ó tún ní epo kan tó ń pò fúnra rẹ̀: dísù, kẹrosín, àtàwọn nǹkan mìíràn tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Inú igo ìpara ló ń rọ ọ́ sí. Àbúrò ìyàwó rẹ̀ kan tí orí rẹ̀ ti ń pá wá kí wọn, ó rí igo náà ní balùwẹ̀, ó sì fi para lórí dáadáa. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta á, ó pe Bàbá. Bàbá wo orí náà yípo, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní, "Má tíì fọ̀ ọ́. Jẹ́ kó wọlé. Bóyá ọgbọ́n tó ti há síbẹ̀ látọjọ́ yìí á lè tú."

Ìyá Oníkatapílà, obìnrin tó ń yá àwọn kọngilá ní katapílà, ló gbé ọ̀rọ̀ tírélà tó ń gbé katapílà rẹ̀ dé. Ó ti gbé tírélà náà kalẹ̀ sórí òkè tó wà lẹ́yìn àwọn ṣọ́ọ̀bù, ó fa bíréèkì rẹ̀, ó sì gbàgbé rẹ̀ sínú òjò. Nígbà tó wá rí iṣẹ́ ọ̀nà ní ìlú kejì, bíréèkì kò jù ú sílẹ̀ mọ́. Katapílà kò sì lè fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn débẹ̀. Bí kò bá dé lọ́jọ́ Ajé, wọ́n á gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíì, iṣẹ́ ọ̀hún nìkan sì ló rí láti ìgbà tí ọdún ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fi katakata fà á. Ńṣe ni táyà ń wọ́ nílẹ̀ bí ewúrẹ́ tí kò fẹ́ lọ sọ́jà.

Wẹ́dà ní kí wọ́n jẹ́ kí òun fi iná gé bíréèkì náà dànù.

"Màmá, ẹ má dá a lóhùn," ni Bàbá Pẹ̀lẹ́ wí. "Á tú, bó bá ti lè dárí jì yín. Ẹ̀yin lẹ fi í sílẹ̀ sínú òjò. Ẹ bẹ̀ ẹ́."

Ìyá Oníkatapílà wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó wá kọjú sí tírélà. "Ẹ má bínú, sà," ló wí.

Wẹ́dà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Lórí ìjókòó yẹn ni wọ́n ti ṣe àdéhùn pé ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ṣẹ nínú àwọn méjèèjì, ìkejì á máa pè é ní ọ̀gá títí ayé.

Bàbá fi òkúta dá àwọn táyà dúró, ó wọ abẹ́ tírélà. Ó dẹ ibi tí wọ́n ti ń fún bíréèkì, ó da epo sí ibi tó ti lẹ̀ mọ́ irin tó bò ó, ó ń fi òòlù onígi kàn án yípo, ó sì ń bẹ̀ ẹ́. Lọ́kọ̀ọ̀kan, bíréèkì àwọn táyà ń dún "kó," wọ́n sì ń tú, àfi èyí tó gbẹ̀yìn. Nírọ̀lẹ́ Sátidé, sùúrù Bàbá tán. Ó pè é ní olóríkunkun, aláìmoore, ọmọ àjẹkù irin.

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ lọ bá a. "Má ṣe bínú sí ọ̀rọ̀ àná," ló sọ fún un. "Ebi ló ń pa mí." Ó wo òkúta tó wà nídìí táyà, ojú tì í.

"Má yọ òkúta yẹn o," ni wẹ́dà pariwo láti ìsàlẹ̀.

"Ẹni téèyàn ń bẹ̀, èèyàn kì í dè é lẹ́sẹ̀," ni Bàbá Pẹ̀lẹ́ fèsì. Ó ta àwọn òkúta náà nù, ó gun orí tírélà, ó ṣí abọ́. Òkèlè kejì ló ń bu sẹ́nu tí nǹkan fi dún "kó" lábẹ́ rẹ̀.

Gbogbo ayé bi í pé, nígbà tí tírélà ń sáré lọ, kí ló dé tí kò fa bíréèkì. Ó wò wọ́n bí ẹni tí kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé. "Lẹ́yìn gbogbo ẹ̀bẹ̀ tí mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jù ú sílẹ̀," ló wí, "ojú wo ni mo fẹ́ fi sọ fún un pé kó tún dì í mú?"

Katapílà dé ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé. Ìyá Oníkatapílà ra páànù tuntun fún wẹ́dà, ó sì gbìyànjú láti máa kí tírélà náà láràárọ̀, nítorí a kì í mọ̀.

Ní ọdún tí Bàbá Pẹ̀lẹ́ lò kẹ́yìn, orúnkún rẹ̀ kọṣẹ́ sílẹ̀. Kò lè lóṣòó mọ́, kò lè wọ abẹ́ mọ́tò. Láràárọ̀ ni wẹ́dà ń fi alùpùpù lọ gbé e nílé, á wá gbé e jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Iṣẹ́ tó kù fún Bàbá kò ju kó máa já ọ̀rẹ́ rẹ̀ nírọ́ lọ. Bí wẹ́dà bá sọ fún oníbàárà pé géètì òun kì í dẹ̀ láéláé, ohùn kan á wá láti orí bẹ́ǹṣì: "Irọ́ ni." Bó bá ní òun lòun rẹwà jù nígbà èwe àwọn: "Irọ́ tó gbó."

Oníbàárà kan bi wẹ́dà pé kí ló ń wá lọ gbé ẹni tó ń ba ọjà rẹ̀ jẹ́.

"Bí mi ò bá gbé e wá," ni wẹ́dà wí, "ta ni màá máa bá jiyàn?"

Bàbá sùn lọ́jọ́ kan, kò jí. Wẹ́dà ti ṣọ́ọ̀bù pa fúngbà díẹ̀. Nígbà tó ṣí i padà, kò gbé bẹ́ǹṣì náà kúrò, kò sì sẹ́ni tó jókòó sí i. Ó wá di pé gbogbo ohun tó bá sọ làwọn èèyàn ń gbà. Iṣẹ́ ò dùn mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyàwó Bàbá Pẹ̀lẹ́ yà wá kí i. Ó bá a níbi tó ti ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀, kò bi ẹnikẹ́ni, ó lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

"Géètì yìí," ni wẹ́dà ń wí, "àwọn àrọ́mọdọ́mọ yín ló máa jogún rẹ̀."

Oníbàárà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Wẹ́dà wo ilẹ̀.

Obìnrin náà tún ìborùn rẹ̀ ṣe. "Irọ́ ni," ló wí.

Wẹ́dà bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ sílẹ̀, tí ẹ̀rín fi yí padà lẹ́nu rẹ̀, tó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Ìyàwó wa," ló wí, "o ṣeun."

"Ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ," ni obìnrin náà dá a lóhùn. "Mo ṣì wà níbí."