Bí Mo Ṣe Di Electron ní Jíbówú

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ gbé iṣẹ́ ọwọ́ yín sílẹ̀ díẹ̀, kẹ́ ẹ gbọ́ ohun tójú mi rí! Inú mi ń dùn débi pé mi ò mọ ibi tí n bá ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé aránṣọ ni mí ní Àgùdà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló wà lọ́kàn mi láti kékeré. Ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló pè mí fún interview. Wọn kì í gba ẹni tó bá ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, kí wọ́n sì tó tún gba ẹlòmíì, èmi á ti kọjá ọgbọ̀n. Tí mi ò bá wọlé lọ́tẹ̀ yìí, ó parí nìyẹn.

Chemistry ló ń dẹ́rù bà mí. Ẹ̀gbọ́n Múfú, ará ilé wa tó jẹ́ tíṣà, ti kọ́ mi títí ó ti sú u. Ó ní àwọn electron inú atom kì í kàn ṣe rúdurùdu, ìpele ìpele ni wọ́n tò yí àárín rẹ̀ ká. Ìpele àkọ́kọ́ ń gba méjì péré, èkejì ń gba mẹ́jọ, ẹ̀kẹta náà á fẹ́ ní mẹ́jọ kára tó tù ú. Mo há a sórí bí ẹni ń há kéwú, ṣùgbọ́n kò yé mi. Kí ló dé tí ti àkọ́kọ́ fi jẹ́ méjì? Kí ló sì dé tí sodium fi máa ń yára yọ̀ǹda electron kan? Ṣé sàárà ló ń ṣe ni?

Nígbà tí interview ku ọ̀la, mo dé Jíbówú láàárọ̀. Bọ́ọ̀sì kékeré kan ń lọ Ògbómọ̀ṣọ́, ó sì ti kún: èrò méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà, mẹ́jọ lẹ́yìn wọn. Agbèrò ju báàgì mi sí búùtù, ó gbé pákó kan sẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí n jókòó. Ẹ ṣáà mọ orúkọ ìjókòó yẹn, attachment! Ìdí mi kan wà nínú ọkọ̀, ìkan wà níta.

Bí dírẹ́bà ṣe bojú wẹ̀yìn báyìí, ó fárígá. Ó ní òun ò gbé attachment o, àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó wà lọ́nà, kí n bọ́ sílẹ̀. Èmi? Kí n bọ́ sílẹ̀ kẹ̀? Mo fọwọ́ méjèèjì di ilẹ̀kùn mú!

Bọ́ọ̀sì ńlá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa tóun náà ń lọ Ògbómọ̀ṣọ́. Èrò méjì wà níwájú, mẹ́jọ wà láàárín, méje wà lẹ́yìn. Inú ń bí gbogbo wọn, nítorí dírẹ́bà wọn ò ní ṣí àfi tó bá kún. Agbèrò wọn ń pariwo, "Ó ku ẹyọ kan! Ẹyọ kan péré, ó ń lọ!"

Ìyá àgbà kan yọrí lójú fèrèsé, ó ní, "Ọmọ mi, kí lo há sẹ́nu ọ̀nà fún bí ẹyẹ orí wáyà? Máa bọ̀ níbí jàre!"

Mo bá kọjá síbẹ̀. Ṣe ni wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi bí ìyàwó! Ọkọ̀ kékeré ti gbéra lọ, tiwa náà ṣí. Àfi bí mo ṣe rántí. Báàgì mi! Gbogbo sàtífíkéètì mi ń bẹ nínú rẹ̀!

Igbe tí mo ké, ó ní láti dé Costain. Ọlọ́run yọ mí, àwọn dírẹ́bà méjèèjì mọ ara wọn. Tiwa pe èkejì lórí fóònù. Ẹrù àwọn èrò ti bo báàgì mi mọ́lẹ̀, kò ṣeé wú yọ lójú títì, ni wọ́n bá ṣàdéhùn pé àwọn ò ní fi ara wọn sílẹ̀ títí a ó fi dé. Tí wọ́n bá sáré, a sáré. Tí wọ́n bá dúró ra omi, a dúró.

Orí ọ̀nà yẹn lọpọlọ mi ti là! Méjì, mẹ́jọ, ẹyọ kan: sodium rèé! Méjì, mẹ́jọ, méje: chlorine rèé! Èmi gan-an sì ni electron! Dírẹ́bà ni àárín atom, àyè ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kéré, ìdí nìyẹn tó fi gba méjì. Ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà ló wà níta jù, òun ló sì rọrùn jù láti já gbà. Kì í ṣe sàárà rárá! Tó bá ti lọ, ara á tu àwọn tó kù, ibi tó lọ náà á sì kún. Lẹ́yìn náà, àwọn méjèèjì ò ní lè fi ara wọn sílẹ̀ mọ́.

"Iyọ̀!" Mo pariwo.

Ìyá yẹn wò mí. "Ṣé ebi ń pa ọ́ ni?"

Lóòótọ́, electron kì í jókòó lórí ìlà bí èrò ọkọ̀, ṣe ni wọ́n ń yí àárín atom ká. Ṣùgbọ́n ìtò wọn ti yé mi, ó parí. Nígbà tá a dé, mo gba báàgì mi, mo gbá a mọ́ra bí ọmọ tuntun.

Lọ́jọ́ kejì, kí lẹ rò pé màdáámù tó jókòó láàárín àwọn tó ń ṣe interview fún wa béèrè lọ́wọ́ mi? Ó ní kí n ṣàlàyé bí sodium àti chlorine ṣe ń di iyọ̀! Mo bẹ̀rẹ̀ bó ṣe wà nínú ìwé, ahọ́n mi lọ́. Mo bá ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ ti wọkọ̀ ní Jíbówú rí?"

Mo sọ gbogbo ẹ̀, títí kan báàgì. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí màdáámù fi bọ́ jígí ojú rẹ̀ nu. Ó wá béèrè pé tó bá jẹ́ pé ọkọ̀ ńlá yẹn ti kún tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Mo ní wọn ò ní dá agbèrò kankan lóhùn, wọn ò ní wá ẹnikẹ́ni, wọn ò sì ní yọ̀ǹda ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ náà ni atom tó bá ti kún. Ó kàn mi orí ni, ó sì kọ nǹkan sílẹ̀.

Ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo wà nígbà tí àtẹ̀jíṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ náà dé sórí fóònù mi. Wọ́n ti gbà mí! Mo fò sókè, abẹ́rẹ́ dá, mi ò tiẹ̀ bojú wò ó!

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ rèé. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe attachment láyé. Pálọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mò ń sùn, èmi ni mo dàgbà jù ní kíláàsì ìrọ̀lẹ́ tí mo ti ń múra ìdánwò sílẹ̀, ẹnu ọ̀nà sì ni mo máa ń jókòó sí. Mo ti gbà pé àṣẹ́kù ni mí. Irọ́ ni! Èmi tí ọkọ̀ kan ní kí n bọ́ sílẹ̀, èmi náà ni gbogbo ọkọ̀ kejì ń dúró dè.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ibo ni wọ́n ti ní kẹ́ ẹ bọ́ sílẹ̀ rí, tó wá jẹ́ pé ibẹ̀ lọ̀nà yín ti là? Ẹ sọ ọ́ fún mi nísàlẹ̀ níbí, gbogbo ẹ̀ ni màá kà. Tí wọ́n bá sì ní kẹ́ ẹ bọ́ sílẹ̀ lónìí, ẹ má jà. Ẹ ṣáà gbé báàgì yín dání!