Obìnrin Tó Kúnlẹ̀ Lẹ́nu Ọ̀nà Wa

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin kan jókòó tì mí nínú ọkọ̀ Okitipupa, ó ń fi àdín pa ọmọ rẹ̀ lára. Bí òórùn náà ṣe kan imú mi, ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi kan ní Ìkọ̀yà sọ sí mi lọ́kàn.

Èmi àti ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Oníwàásù ti sọ̀rọ̀ nípa ìfẹ́ títí ebi fi ń pa mí. A bá obìnrin kan lẹ́nu ọ̀nà wa, ó gbé ọmọ tuntun dání. Mo mọ̀ ọ́n lójú. Òun ni ìyá mi máa ń yà fún lójú ọ̀nà odò. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Ara ọmọ yìí gbóná láti àná. Mi ò mọ ibòmíràn tí mo lè gbé e lọ."

Ìyá mi gbé Bíbélì tó gbá mọ́ àyà kalẹ̀.

"Gbé e wá," ló wí.

Ó tú gèlè rẹ̀, ó rẹ ẹ́ sómi, ó fi nu ọmọ náà títí ara rẹ̀ fi rọ̀. Lẹ́yìn náà ló fi àdín pa á láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Omijé ń dà lójú ìyá mi. Mo rò pé àdín ló ta sí i.

Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé nítorí obìnrin yẹn ni bàbá mi ṣe fi wá sílẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ìyá mi gbé ọmọ náà lé mi lẹ́sẹ̀.

"Di orí rẹ̀ mú dáadáa," ó ní. "Àbúrò rẹ ni."