Òbí Kì í Rí Òkú Ọmọ

Mo rántí ìgbà tí inú mi dùn pé ọ̀gá àgbà pè mí sí ìpàdé. Akọ̀wé lásán ni mí nígbà náà, ní yunifásítì kékeré kan n'Ílé-Ifẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tuntun kan ló kú. Àwọn tó ti pẹ́ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì ló ní àwọn ń gbà á wọlé, ni wọ́n bá fi bẹ́líìtì nà án títí ẹ̀mí fi bọ́. Nípàdé ọ̀hún, kò sẹ́ni tó bèèrè àwọn tó nà án. Bí orúkọ ilé-ìwé kò ṣe ní bàjẹ́ ni wọ́n ń gbèrò. Ọ̀gá wò mí, ó ní, "Ìwọ ọmọ Ìlódè, àdúgbò yín nìyá rẹ̀ ń gbé. Lọ bá a sọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé. Má jẹ́ kó rí òkú yẹn."

Èmi ti rí i. Gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ ló bó. Síbẹ̀ mo wọ bùbá tuntun, mo jókòó síwájú ọkọ̀ ọ́fíìsì bí ìjòyè.

Opó ni ìyá náà, kòkó ló ń sá síwájú ilé. Mo tú ọ̀rọ̀ náà fún un. Nígbà tó sunkún tó rẹ̀ ẹ́, ó dì mí lẹ́sẹ̀ mú. "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, mú mi lọ kí n rójú ẹ̀."

Mo ní, "Màmá, èèwọ̀ ni. Òbí kì í rí òkú ọmọ."

"Wọ́n ní wọ́n máa ń na àwọn ọmọ tuntun níbẹ̀. Ṣé kò sẹ́ni tó nà án?"

"Kò sí, mà. Àìsàn òjijì ni."

Àwọn àgbà ilé náà mi orí, wọ́n ní ọmọ tó gbẹ́kọ̀ọ́ ni mí. Àánú ìyá ló mú kí àwọn baba wa dá àṣà yẹn sílẹ̀, èmi wá fi bo ìwà ìkà mọ́lẹ̀. Wọ́n sin ín lọ́jọ́ kejì, dókítà kankan kò yẹ òkú wò. Àwọn tó nà án ṣèdánwò, wọ́n gboyè jáde. Wọ́n sì gbé mi ga lẹ́nu iṣẹ́.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ á bá a. Ọwọ́ mi lòótọ́ ọ̀hún wà, n kò sì jẹ́ kó ṣísẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí, ojú ń tì mí, kò sì sí ohun tí mo lè tún ṣe.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo pàdé ìyá náà l'Ókè-Ogbò. Ó gbọ́wọ́ lé mi lórí. "Ìwọ lo gba ojú mi lọ́wọ́ ìríkúrìí. Wọ́n ní ọmọ tìẹ náà ti wọ yunifásítì. Ọlọ́run á fi àwọn bíi tìẹ yí i ká."

Mo ní, "Àmín, mà."